Òpin Fíìmù Àṣàkẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Tí Yèyé Gé Kúrú

"Wọ́n ní ó ní…"

"Ta ni?"

"Ọmọ ilé Bàbá Kátékísì, èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní fíìmù àná…"

"Ó ní kí ni?"

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Àbúrò ìyàwó Désiré ló wà níbẹ̀. Ó ní irọ́ ni. Ó ní ẹni tó ṣe é…"

"Háà! Ṣé kì í ṣe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló ṣe é ni?"

"Òun náà mà ni! Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ…"

Nídìí ẹ̀rọ omi ní Idigny ni mo ti gbọ́ ọ, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èmi ni ọmọ ilé Bàbá Kátékísì. Ẹ̀yìn igi mọ́ńgòrò ni mo wà, garawa òfìfo lọ́wọ́ mi, n kò lè lọ síwájú, n kò lè padà sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, á ti yọ sí wọn, á ní, "Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, kì í ṣe bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn." Èmi ní tèmi, mo dúró títí wọ́n fi ru omi wọn lọ.

Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù kí wọ́n wá ṣe ìdáná mi.

Ṣẹ̀hìndèmí ni orúkọ mi. Bàbá mi kú kí wọ́n tó bí mi, Bàbá Àgbà, bàbá tó bí màmá mi, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Kátékísì, ló sì tọ́ mi. Òun ló kọ́ mi ní ìwé pẹ̀lú. Ilé ẹ̀kọ́ jìnnà sí wa nígbà náà, màmá mi kò sì fẹ́ kí ọmọ kan ṣoṣo tí òun ní máa dá rin ọ̀nà igbó. Ìdí igi òroǹbó ni kíláàsì mi. Hóró àgbàdo ni mo fi kọ́ ìṣirò. Ìwé kan ṣoṣo ni mo sì fi kọ́ kíkà, ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní *Ọ̀nà Ilé Àṣàkẹ́*. Kò sí àgbà tó mọ Yorùbá kà ní agbègbè wa tí kò kà á rí, tàbí kí wọ́n kà á sí i létí.

Ìtàn náà kò le. Àṣàkẹ́ fẹ́ Láwuyì, bàbá Àṣàkẹ́ kò fẹ́ ẹ. Láwuyì lọ síbi iṣẹ́ oko kòkó lódìkejì odò, ó ní òun ń bọ̀ nígbà iṣu tuntun. Iṣu tuntun dé lẹ́ẹ̀méje, kò dé. Ní gbogbo ọdún méje náà, Àṣàkẹ́ ń gbá ọ̀nà tó wọ ilé bàbá rẹ̀ láràárọ̀, kí koríko má baà bò ó, kí Láwuyì má baà ṣì í. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, Láwuyì dé, ó rí ọ̀nà náà tó mọ́ tónítóní, ó sì jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń sunkún. Ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti mọ òpin ìwé náà sórí.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà ìkórè àgbàdo, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun alùpùpù wá sílé wa. Akínkúnlé ni, Kúnlé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá ṣòwò ní Kétu, Kétu ni wọ́n sì bí i sí. Fọ́tò àti fídíò ìgbéyàwó ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n fíìmù ló wà lọ́kàn rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, ó dọ̀bálẹ̀, "wọ́n ní ọwọ́ yín nìkan ni ìwé Àṣàkẹ́ ṣì kù sí ní gbogbo ìhín."

"Ó kù sí mi lọ́wọ́," Bàbá Àgbà dáhùn, "àmọ́ ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ewé mẹ́rin tó kẹ́yìn ti lọ."

"Yé! Báwo ni n ó ṣe wá mọ òpin rẹ̀?"

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Òpin rẹ̀ wà nínú yàrá. Ṣẹ̀hìndèmí! Ka òpin Àṣàkẹ́ fún àlejò."

N kò lè jáde. Ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo di ojú mi, mo sì kà á láti orí. Mo ń gbọ́ bí bírò rẹ̀ ṣe ń sáré lórí ìwé. Nígbà tí mo parí, bírò náà dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn sọ."

Mo tún un sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bàbá Àgbà wúkọ́. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣé etí rẹ kò gbọ́ ni, àbí ó ti gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó tún padà wá lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní òun fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó jáde síta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo tó gbé ojú sókè, mo sì rí i pé eyín iwájú rẹ̀ kan wọ́ díẹ̀, mo sì ń ronú nípa eyín náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn ìyẹn, òun kọ́ ló tún wá. Sidonie ló rán.

Sidonie jẹ́ ìbátan mi, ó ń ránṣọ ní Idigny. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn ni. Ó bá Kúnlé gbé ọ̀rọ̀ wá, ó bá mi gbé tèmi lọ. Ilé tiwa kò le. Ilé tiwọn ló le.

"Ìyá rẹ̀ ní kí ni ọmọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí BEPC fẹ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù òun," Sidonie ròyìn fún mi lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yà alùpùpù ni Ìyá Kúnlé ń tà lẹ́bàá ọjà Kétu, tí wọ́n bá sì ń ná ọjà níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì. "Ó ní ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn aṣọ ló ti ń sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe máa bá oníbàárà jiyàn?"

"Kí wá ni Kúnlé sọ?"

"Ó ní, 'Màmá, ariwo yín ti tó fún gbogbo ilé.' Ìyá rẹ̀ ju bélíìtì alùpùpù lù ú."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Nínú ilé tiwa, ọmọbìnrin tí kò tí ì lọ sílé ọkọ kì í dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀, á sọ ọ́ sétí àgbà tó jókòó tì í, àgbà náà á dìde, á bá a sọ ọ́. Yèyé Adéoyin, àbúrò Bàbá Àgbà, ló ń bá mi sọ tèmi láti kékeré. Ó bá mi lára mu tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ̀ pé mo ní ẹnu tara mi.

Oṣù méje ni Sidonie fi lọ, tó fi bọ̀. Nígbà tó yá, Ìyá Kúnlé gbà, kò gbà tán, ó gbà. Wọ́n dá ọjọ́ ìdáná sí ọjọ́ Àìkú kejì lẹ́yìn Àjíǹde. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀ ni Kúnlé fẹ́ gbé fíìmù rẹ̀ han àwọn ará ìlú.

Ilé àwọn ọ̀dọ́ ní Kétu ni wọ́n lò, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé, wọ́n ta aṣọ funfun kan sára ògiri. Ooru mú bí ẹni pé a wà nínú ìkòkò. Èmi àti Bàbá Àgbà àti Yèyé jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Iná kú, Àṣàkẹ́ sì yọ lójú ògiri, ó gbé ìgbálẹ̀ dání. Gbogbo ilé kígbe.

N kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn kò wo fíìmù náà, wọ́n bá a gbé ni. Nígbà tí bàbá Àṣàkẹ́ lé Láwuyì jáde, obìnrin kan dìde, ó na ìka sí ògiri: "Bàbá, ìwọ náà á rí i o!" Nígbà tí Láwuyì di ẹrù rẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé, "Má lọ! Má lọ, ọ̀dẹ̀!" Bàbá kan níwájú wa kò tiẹ̀ gbọ́ ti ìfẹ́. "Ilé yẹn," ó ń wí fún ẹni tó jókòó tì í, "ilé àna mi ní Okpomèta nìyẹn. Mo mọ ilẹ̀kùn yẹn. Ìgbà wo ni Àṣàkẹ́ gbé níbẹ̀?"

Bàbá Àgbà pẹ̀lú ń mi ètè rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń bá wọn ka ọ̀rọ̀ náà ṣáájú kí wọ́n tó sọ ọ́. Inú rẹ̀ dùn. Títí a fi dé òpin.

Nínú fíìmù Kúnlé, ní ọdún kẹta, Àṣàkẹ́ gbá ọ̀nà dé ìdajì, ó dúró. Ó wo ìgbálẹ̀. Ó jù ú sínú igbó. Ó fò sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó sì tọ Láwuyì lọ dé oko kòkó, ó dúró síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní, "Ìwọ ni mo bá wá."

Àwọn ọ̀dọ́ fò sókè, wọ́n ń súfèé. Àwọn àgbà náà dìde, tiwọn kì í ṣe ayọ̀.

"Ta ló ní kó gun ọkọ̀?"

"Ta ni yóò gbá ọ̀nà?"

"Àṣàkẹ́ tiwa kọ́ nìyẹn! Ẹ lọ dá Àṣàkẹ́ wa padà!"

Bàbá Àgbà mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Wọ́n tan iná. Kúnlé dúró níwájú, ó wọ ṣòkòtò jíǹsì tuntun, òógùn bò ó. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Èyí tó dùn àti èyí tó korò."

Ọmọbìnrin kan tó wé gèlè pupa dìde. "Èmi fẹ́ràn rẹ̀! Ọdún méje? Nítorí ọkùnrin wo?"

"Ìwọ," bàbá tó ní àna ní Okpomèta dá a lóhùn, "kì í ṣe ọdún méje, ọjọ́ méje lásán, o ò lè dúró!"

Ẹ̀rín sọ. Kúnlé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wá ojú kan kiri. Ó rí mi. "Mo fẹ́ gbọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, "láti ẹnu ẹni tó ka òpin náà fún mi."

Gbogbo orí yí sí bẹ́ǹṣì wa. Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe: mo tẹ̀ sí etí Yèyé. Yèyé fi ọwọ́ ká etí rẹ̀, nítorí ariwo pọ̀, mo sì ní láti gbé ohùn sókè díẹ̀. Apá méjì ni ọ̀rọ̀ mi. Apá àkọ́kọ́ ni pé irọ́ ni òpin yẹn, torí Àṣàkẹ́ inú ìwé kò kúrò nílé. Apá kejì jẹ́ ti èmi àti Kúnlé. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìtìjú rẹ̀ ṣì ń mú mi.

Yèyé dìde. Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, "Ọmọ mi ní irọ́ ni òpin yẹn." Ó jókòó.

"Yéè!" ni gbogbo ilé kígbe papọ̀.

Mo rí ojú Kúnlé bó ṣe yí padà. "Ṣé ó tán, Yèyé?" ó béèrè.

"Ó tán."

Mo fa ìró Yèyé. "Yèyé, ó kù!"

"Jókòó jẹ́ẹ́," Yèyé ní láàárín eyín. "Jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ yìí."

Ọ̀rọ̀ mi tó kúrú yẹn gun alùpùpù ṣáájú mi dé Idigny. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ní mo pe fíìmù ní irọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti wà nínú ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ní mo pe Kúnlé fúnra rẹ̀ ní òpùrọ́. Ní ọjọ́rú, Sidonie dé, kò sì jókòó kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá rẹ̀ ní kí a má tíì retí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní òun ń wo nǹkan kan."

"Kúnlé ń kọ́?"

Sidonie wo ilẹ̀. "Ó ní kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi díẹ̀."

"Kó sinmi títí!" Bàbá Àgbà ké láti ìdí igi òroǹbó. "Ẹni tó lè yí òpin ìwé padà, kí ni kò lè yí padà? Ṣé bó bá gbé ọmọ mi dé ilé, tí ó dé àárín, kò ní ní òun fẹ́ òpin mìíràn?" Ó yíjú sí mi, ó tún ní, "Àmọ́ ìwọ pàápàá, Ṣẹ̀hìndèmí, kì í ṣe ojú gbogbo ayé la ti ń sọ irú rẹ̀. Ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

Yèyé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Èmi ni mo sọ ọ́, Bàbá," mo ní.

Ọwọ́ Yèyé kò tún kan ẹ̀wà náà mọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́, ó rọra gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí àpótí.

"O kò tú àṣírí mi," ó ní.

"Kí ló dé tí ẹ gé e kúrú, Yèyé?"

"Gbà mí! Ṣé kí èmi arúgbó dìde láàárín gbogbo Kétu, kí n kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin oníjíǹsì, kí n máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un? Ọkọ mi tó kú, ọmọ mẹ́fà ni mo bí fún un, n kò sọ irú rẹ̀ fún un rí! Bí mo ṣe dé ibẹ̀ ni ẹnu mi tì. Mo ní àkọ́kọ́ náà á tó o."

Mo wò ó. Ó wò mí. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú, lẹ́yìn náà omi ojú, a ò tiẹ̀ mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni mọ́.

"N ó lọ bá wọn," Yèyé ní, ó ń nu ojú. "N ó ní èmi ni mo gé e."

"Wọ́n á ní ẹ ń tún un ṣe nítorí mi. Orúnkún yín kò sì lè gun alùpùpù zémì."

"Ta ni yóò wá lọ?"

Abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi ti mọ́ tipẹ́, mo ṣì ń fọ̀ ọ́. "Èmi ni."

"Ìwọ? Ta ni yóò bá ọ sọ̀rọ̀?"

Gbogbo ọjọ́bọ̀ ni mo fi ń wá èsì ìyẹn. Mo ń bá ara mi sọ ọ́ lóko, láàárín ebè: Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Rárá. Màmá, mo wá. Rárá o. Bí mo bá dé ibẹ̀, tí n kò lè la ẹnu ńkọ́? Bí Kúnlé kò bá tiẹ̀ fẹ́ rí mi mọ́ ńkọ́? Bí mo bá sì jókòó sílé, tí mo ń retí kí ọ̀rọ̀ náà sinmi tán, ìgbà wo ni yóò sinmi tán?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wé gèlè mi. Bàbá Àgbà wà nídìí igi òroǹbó.

"Níbo?"

"Kétu, Bàbá."

"Ta ló ń bá ọ lọ?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

Ó wo gèlè mi. "Nínú ìwé wo lo ti rí ìyẹn?"

"Kì í ṣe inú ìwé, Bàbá. Nínú fíìmù ni."

Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kíá, mo sì rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. "Gba ọ̀nà ńlá," ó ní, kò yíjú padà. "Má gba ti inú oko."

Mo ti rìn tó wákàtí kan, erùpẹ̀ pupa ti dé orúnkún mi, kí zémì kan tó dúró. Crépin ni orúkọ ẹni tó wà á, ó sọ ọ́ fún mi kí n tó béèrè. Ọ̀rọ̀ ni ó fi ń wa alùpùpù, kì í ṣe epo.

"Àbúrò mi, o ti wo fíìmù Àṣàkẹ́?"

"Mo ti wò ó, Fòfó," mo ní, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní ìhín.

"Èmi wò ó lẹ́ẹ̀mejì lórí pọ́tábù, fóònù mi yìí. Mo sunkún lẹ́ẹ̀mejì! Àmọ́ o gbọ́ ti ọmọbìnrin Idigny yẹn? Aláìdára! Wọ́n ní ó dìde tìbínú-tìbínú, ó pe ọkùnrin náà ní òpùrọ́, ó sì bọ́ bàtà, ó jù ú lu aṣọ funfun yẹn, aṣọ ya!"

"Bàtà, Fòfó?"

"Ẹsẹ̀ méjèèjì! Wọ́n ní ó sanra, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti màálù. Bí mo bá rí i báyìí, n ó sọ ọ̀rọ̀ fún un. Ta lo ń lọ kí ní Kétu?"

Mo ronú títí a fi kọjá odidi oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà mo ní, "Mò ń lọ bá ọkùnrin náà, Fòfó. Èmi ni ọmọ Idigny yẹn."

Alùpùpù náà fẹ́ wọ igbó. Nígbà tó dúró dáadáa, Crépin yíjú padà, ó wo ẹsẹ̀ mi. "Bàtà rẹ pé," ó ní. Kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé ọjà Kétu, níbi tó ti kọ owó lọ́wọ́ mi.

Ìyá Kúnlé wà nídìí káńtà, ó di ṣéènì alùpùpù mú ní ìpẹ̀kun kan, oníbàárà kan di ìkejì mú, wọ́n ń fà á bí ẹni fa okùn. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

Ó fi ṣéènì sílẹ̀. "Ta ni mò ń wò yìí? Ta lo tẹ̀ lé wá?"

"Èmi nìkan ni, Mà."

"Yèyé yín dà?"

"Wọ́n wà nílé."

"Sidonie?"

"Kò mọ̀ pé mo wá."

"Ta ni yóò wá gbẹnu sọ fún ọ?" Oníbàárà náà ti fà sẹ́yìn, ó ti rí ibi fara tì, ó ń wò wá bí ẹni wo fíìmù. "Ó dáa, dìde. Wọ́n ní o pe ọmọ mi ní òpùrọ́."

"N kò pè é bẹ́ẹ̀, Mà. Mo ní irọ́ ni òpin yẹn. Ìyẹn, èmi ni mo sọ ọ́, n kò ní sẹ́ ẹ. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé ojú àwùjọ ni mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, Mà."

Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. "Ó tún un sọ!"

"Ìwọ, dákẹ́, o ò tíì ra nǹkan." Ìyá Kúnlé tẹ̀ síwájú lórí káńtà. "Gbogbo ohun tí o sọ náà nìyẹn?"

"Ó kù, Mà."

"Yèyé yín ló gbàgbé?"

"Kì í ṣe ẹ̀bi Yèyé. Ọ̀rọ̀ náà ló wúwo jù fún àgbà láti gbé."

Aṣọ tó pín ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì mì. Kúnlé ló jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi kámẹ́rà kọ́ ọrùn, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù. Lọ́tẹ̀ yìí òun ni ó wà lẹ́yìn aṣọ. Ó wo erùpẹ̀ ẹsẹ̀ mi.

"Ta ló gbé ọ wá?"

"Mo rìn díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Kúnlé. Zémì wá gbé mi."

Ó wá ní, "Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Bí o ṣe kà á fún mi ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wá sílé yín lẹ́ẹ̀márùn-ún, mo sì ń wo aṣọ ẹnu ọ̀nà yẹn, mo ń bi ara mi pé, ṣé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á jáde tẹ̀ lé mi láé tí mo bá lọ? Mo kọ ohun tí mo ń fẹ́. Nígbà tí Yèyé ní irọ́ ni, mo ní, hẹ̀n, mo ti gba èsì mi nìyẹn."

"Kì í ṣe èsì yín nìyẹn."

"Kí ni èsì mi?"

Mo la ẹnu. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo là á. Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ láàárín ebè fò lọ bí ẹyẹ. Kúnlé ń dúró. Oníbàárà ń dúró. Lójú títì níta, ẹnìkan ti pa alùpùpù rẹ̀, mo sì rí i pé Crépin ni, ó ń na ọrùn.

"Sọ ọ́ jàre, àbúrò!" oníbàárà ní.

Kò jáde.

Ìyá Kúnlé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbà! "Ó tó. Ẹsẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ kí ẹnu sinmi. Kúnlé, ẹ̀yìn Yèyé wọn gan-an ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà. Mo fi aṣọ borí nítorí ooru, wọn kò mọ̀ mí. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́."

"Màmá! Ẹ gbọ́ ọ, ẹ sì dákẹ́ láti ọjọ́ Àìkú? Ẹ ń wò mí bí n kò ṣe lè jẹun?"

"Mo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ dídùn kò wọ́n lẹ́nu ọmọ ènìyàn. Mo ní kí n wò ó bóyá ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ lé ẹnu. Ká ní kò wá ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá bá mi wọ sàréè." Ó yí sí mi, ojú rẹ̀ ti rọ̀, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. "À ń bọ̀ ní Idigny lọ́jọ́ Àìkú. Sọ fún Bàbá Kátékísì pé kó má gbé ìbínú ìwé pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ Kúnlé, sún mọ́bí, kí o gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́, n kò ní fi kún un, n kò ní yọ nínú rẹ̀."

Ó tẹ orí, ó fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sétí àgbà, ohùn ńlá tí wọ́n ń gbọ́ lójú títì sì di tín-ín-rín, ó di tèmi:

"'Yèyé, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ni òpin yẹn, Àṣàkẹ́ inú ìwé kò kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé bó bá jẹ́ òun ló lọ, èmi kò ní gbá ọ̀nà fún ọdún méje. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní gan-an ni n ó tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí ọkọ̀, n ó fi ẹsẹ̀ rìn.'"